Orúkọ Ọmọ àti Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Olùkọ́ Nínú Kíláàsì

Nígbà tí a bá jókòó nínú yàrá ẹ̀kọ́ tiwa, tí a ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ wa sínú ìwé, a máa ń rò pé iṣẹ́ ìkọ́ni kò ju kí ènìyàn mọ ohun tí yóò kọ́ ọmọ, kí ó sì mọ bí yóò ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró rí níwájú ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ̀ rí, tí gbogbo wọn sì gbójú sókè wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò jẹ́rìí mi pé ohun kan wà tí ó ṣáájú ẹ̀kọ́. Ohun náà ni kí olùkọ́ àti ọmọ mọ ara wọn. Nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, pàápàá nípa eré kékeré tí olùkọ́ tuntun lè fi tú ìtìjú ká lójú àwọn ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. N kò sọ ọ́ bí ẹni tí ó gbọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ẹ óò rí i níwájú pé inú àṣìṣe ni mo ti kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń bẹ nínú ọkàn ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó rí olùkọ́ tuntun kì í ronú nípa ìṣirò tàbí ìwé kíkà. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nìwọ̀nyí: Ṣé ẹni yìí máa ń na ọmọ? Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ṣé yóò fi mí ṣẹ̀sín? Ṣé yóò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà níhìn-ín? Títí di ìgbà tí ó bá rí ìdáhùn sí ìwọ̀nyí, ẹnu rẹ̀ lè máa tẹ̀ lé ohun tí gbogbo kíláàsì ń kà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Ojú olùkọ́ ni ọmọ sì ń kà kí ó tó ka ohun tí a kọ sí ara pátákó.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olùkọ́ náà ní ẹ̀rù tirẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa, tí olùkọ́ àgbà jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa pariwo láìnídìí, tàbí kí ó máa sáré sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ kí agogo tó lù. Nígbà tí ẹ̀rù méjì bá pàdé nínú yàrá kan, ẹ̀kọ́ kì í rí àyè jókòó. Iṣẹ́ eré àkọ́kọ́ ni láti lé ẹ̀rù méjèèjì jáde.

Èyí kì í ṣe ohun titun láyé. Friedrich Froebel, ará Jámánì tí a bí ní 1782, ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú Blankenburg ní 1837, ó sì fi eré àti orin ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Orúkọ tí ó sọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ilé wa dáradára, a óò rí i pé àwọn ìyá àgbà wa ti mọ ọgbọ́n yìí. Nígbà tí àwọn ọmọ bá pé jọ ní alẹ́ òṣùpá, ìyá àgbà kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ìtàn gígùn. Àlọ́ àpamọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé, kí àlọ́ onítàn tó tẹ̀ lé e. Kí ni ìdí rẹ̀? Àlọ́ àpamọ̀ kúrú, ó sì ń fẹ́ ìdáhùn. Ọmọ tí ó bá dáhùn, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà á, ti la ẹnu rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, kò sì tún jẹ́ àlejò nínú agbo náà mọ́. Nígbà tí ìtàn bá wá dé, etí gbogbo wọn ti là, ohùn wọn sì ti ṣetán láti gbe orin. Ohun tí ìyá àgbà fi àlọ́ àpamọ̀ ṣe fún ìtàn ni olùkọ́ ń fi eré ìdánimọ̀ ṣe fún ẹ̀kọ́.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ sọ bí èmi ti ṣe tèmi. Kíláàsì kẹta ni a fi mí sí nígbà ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni wa, ọmọ 42 ni ó sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, mo kó wọn jáde sí abẹ́ igi máńgòrò, mo ní kí wọ́n dúró yíká, mo sì mú ọsàn kan tí kò tíì pọ́n jáde láti inú àpò mi. Àlàyé mi rọrùn. Ẹni tí ọsàn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò pe orúkọ ara rẹ̀, yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ tàbí ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, yóò sì ju ọsàn náà sí ẹlòmíràn.

Ìdí mẹ́ta ni mo ní tí mo fi yan eré yìí. Lọ́nà kìíní, mo fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí oòrùn tó mú. Lọ́nà kejì, mo ti ṣàkíyèsí pé ọmọ tí ó bá di nǹkan mú a máa gbàgbé ìtìjú ẹnu rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Lọ́nà kẹta, ẹ̀kọ́ ńlá ni orúkọ jẹ́ láàárín àwa Yorùbá. Samuel Johnson, tí òun pàápàá ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó fi hàn níbẹ̀ pé orúkọ kan wà tí ọmọ ń mú ti ọ̀run wá, pé òmíràn wà tí a ń fún un lẹ́yìn tí a bí i, àti pé oríkì wà pẹ̀lú, èyí tí a fi ń kẹ́ ọmọ tí a sì fi ń mú orí rẹ̀ wú. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo rò pé bí ọmọ bá sọ orúkọ rẹ̀, n óò rí ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Mo gba èyí gbọ́ dáradára. N kò rò ó síwájú pé kì í ṣe gbogbo ilé ni ó fẹ́ kí àlejò rí inú òun.

Eré náà kọ́kọ́ dùn. Táíwò sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé sì fèsì láti ìhà kejì pé òun ni òun rán an níṣẹ́, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Abíọ́nà sọ pé ojú ọ̀nà oko ni a ti bí òun. Àìná sọ pé ìwọ́ ni ó kọ́ òun lọ́rùn nígbà tí òun ń bọ̀ wá sáyé. Nígbà tí ó kan Àjàyí, tí ó sọ pé òun dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí òun, mo lo àyè náà láti sọ fún wọn pé Àjàyí ni orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821 nígbà tí ó wà ní ọmọdé, tí ó ṣe olùkọ́ ọmọ ilé ìwé, tí a sì fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Àjàyí kékeré nà tàntàn bí ẹni pé òun ni a ń fi joyè. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé olùkọ́ àgbà ń kọ̀wé, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọsàn bọ́ sí ọwọ́ ọmọkùnrin kan tí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó dúró nítòsí gbòǹgbò igi. Ó pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dákẹ́. N kò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín. Ó tó kí n sọ pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a gbà pé ó jẹ́ àbíkú. Mo ní, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Kò fèsì. Ọmọ kan láti ìhà kejì ké ìtumọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì fi ọ̀rọ̀ nípa ikú àti sàréè kún un. Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì yí lọ sí àárín agbo. Èmi tí mo ń ronú nípa olùkọ́ àgbà tí ó wà lẹ́yìn, mo fi kún àṣìṣe mi. Mo ní, "Sọ̀rọ̀ sókè, kò sí ìtìjú níbẹ̀." Ọmọ náà kò sunkún. Ilẹ̀ ni ó ń wò títí eré fi parí, kò sì la ẹnu mọ́ ní ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo pe orúkọ, àyè rẹ̀ ṣófo.

Ní àkókò ìsinmi, ìyá tí í ṣe olùkọ́ kíláàsì náà gan-an pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, "Ọmọ mi, eré rẹ dára. Ṣùgbọ́n o bi ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ ilé wọn lójú agbo. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ sin kí ó tó bí i. Kì í ṣe gbogbo orúkọ ni a ń tú nídìí ní gbangba."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, n kò mọ̀ ni."

Ó ní, "Dìde. Ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Ẹni tí kò béèrè ni ó jẹ̀bi. Èmi ń bẹ níhìn-ín láti àná, o kò bi mí léèrè ohunkóhun nípa àwọn ọmọ wọ̀nyí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju bí ó bá ti nà mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ nípa irú orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí a óò máa bá wọn pàdé. Bí ọmọ bá ń kú léraléra nínú ilé kan, àwọn baba wa gbà pé ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọ́n a fi orúkọ bẹ èyí tí ó bá tún dé pé kí ó má lọ mọ́, bí Málọmọ́. Tàbí kí ó dúró jẹ ayé, bí Dúrójayé. Tàbí kí wọ́n sọ fún un pé kò sí ọkọ́ tí a óò fi gbẹ́ ilẹ̀ fún un mọ́, bí Kòsọ́kọ́. Lónìí a mọ̀ pé ibà, èéyi, àti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ọmọ ń jogún láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì, wà lára ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí kò sọ orúkọ náà di asán. Ẹ̀bẹ̀ ìyá tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ni, kì í ṣe ohun àwàdà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé fún àjèjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá olùkọ́ mú mi lọ sí ilé ọmọ náà. A kí ìyá rẹ̀, a bèèrè àlàáfíà ilé. A kò dárúkọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ju pé mo tọrọ àforíjì fún àìmọ̀ mi. Ọmọ náà sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mú ọsàn àná jáde, mo sì wí fún un pé mo ń fẹ́ ẹni tí yóò bá mi tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la, nítorí a ó tún lò ó ní kíláàsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó na ọwọ́ gbà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, òun ni ó kọ́kọ́ dé ilé ìwé. Ó ti fi ewé wé ọsàn náà.

A tún eré náà ṣe, ṣùgbọ́n mo yí ìbéèrè rẹ̀ padà. Ẹni tí ọsàn bá dé ọwọ́ rẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ mọ́. Orúkọ ẹni tí ó dúró ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò pè, yóò sì sọ ohun kan tí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe dáradára. Nígbà tí ó kan ọmọ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ó mọ pàkúté dẹ ju gbogbo wa lọ." Ẹnìkan bèèrè bí ó ti máa ń dẹ ẹ́. Ọmọ náà wò mí, mo mi orí sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí a ti ń wá ipa ẹsẹ̀ eku nínú koríko, àti bí a ti ń fi ewé bo ojú pàkúté. Ó sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú méjì, kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, mo sọ nípa Ọba Kòsọ́kọ́ tí ó jọba ní Èkó láti 1845 títí di 1851. N kò wo ìhà ọ̀dọ̀ ọmọ náà, n kò sì túmọ̀ orúkọ ọba. Ṣùgbọ́n mo rí i láti ẹ̀gbẹ́ ojú mi pé ó gbé orí rẹ̀ sókè.

Láti inú gbogbo èyí, mo ti kó àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí jọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì.

Èkínní, kí a tó yan eré, kí a bi olùkọ́ kíláàsì náà léèrè nípa àwọn ọmọ. Ó mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀, ẹni tí etí rẹ̀ wúwo, àti ẹni tí ó ń kólòlò.

Èkejì, kí a dán ìbéèrè wa wò nínú ọkàn wa kí a tó bi ọmọ kankan. Kí a wí pé: ǹjẹ́ ọmọ kan lè wà tí ìdáhùn rẹ̀ yóò dójú tì í? Ìbéèrè nípa iṣẹ́ baba, nípa iye ọmọ tí ń bẹ nílé, tàbí nípa ohun tí a jẹ ní òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó lè ṣí aṣọ lára ọmọ. Ìbéèrè nípa ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí ẹranko tí ó fẹ́ràn, kò léwu bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣe ohun tí ó fẹ́ kí ọmọ ṣe. Bí òun bá sọ nípa ara rẹ̀ láìfi ìgbéraga sọ ọ́, àwọn ọmọ yóò mọ bí ìdáhùn ti gbọ́dọ̀ gùn tó, àti pé àṣìṣe kì í pa ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀nà àbáyọ wà nínú òfin eré náà. Èmi fi kún un pé ẹni tí kò bá tíì ṣetán lè kí ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan, kí ó sì ju ọsàn sí ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kẹta yẹn, ọmọ mélòó kan lò ó. Nígbà tí yóò fi di òpin ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tí ó ń lò ó mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí a ṣírò àkókò. Bí ọmọ 42 bá sọ̀rọ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 21 ti lọ, àwọn tí ó kẹ́yìn yóò sì ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pín wọn sí agbo 6, tí ọmọ 7 wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọsàn tiwọn, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tí gbogbo wọn yóò fi sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ojú ń tì a sì máa sọ̀rọ̀ láàárín ẹni 7 ju láàárín ẹni 42 lọ. Kí a dá eré dúró nígbà tí ó ṣì ń dùn.

Ẹ̀kẹfà, kí a ṣe é ní èdè tí ọmọ fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Ètò náà fi hàn pé èdè ìyá kì í fa ọmọ sẹ́yìn. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ fún ìṣirò, mélòómélòó ni fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò bá olùkọ́ rẹ̀ sọ!

Èkeje, kí a pe orúkọ ọmọ bí wọ́n ti ń pè é nílé. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ, ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Olùkọ́ tí ó bá ṣi ohùn orúkọ pè ti sọ ọmọ náà di ẹlòmíràn, ẹ̀sín a sì bá a dé ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ tí a ti mọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì kọ ohun kan tí a rí lára olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ni ó kù tí mo fẹ́ sọ, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn olùkọ́ wa. Nínú ìwé tí a fi ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a kọ ọ́ pé eré náà yọrí sí rere, nítorí àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ni pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Máàkì mi ní ọjọ́ náà ga ju ti ọjọ́ kẹta lọ, nígbà tí kò sí ariwo púpọ̀, tí àwọn ọmọ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wọn. N kò kùn sí i, nítorí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn kò lè rí ojú ọmọ tí ń wolẹ̀. Èmi tí mo dúró níwájú ni ó yẹ kí n rí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Ọwọ́ wa ni a óò fi ìjánu náà lé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá ṣí ìwé orúkọ kíláàsì. Kí a dì í mú jẹ́jẹ́.